Ìtàn Tó Ń Mú Pákó Rọ̀

"Aláròyé! Ọ̀la ni mo máa dáná sí i o. Ṣé o gbọ́?"

Ó gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ló dúró sí, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, àpò ìwé ń fà á léjìká. Nínú ìsọ̀ náà, bàbá arúgbó yìí ti to pákó mẹ́rìnlélógún ní òòró. Ó ti fi òrùka irin kan há orí wọn pọ̀, ìsàlẹ̀ wọn sì fẹ̀ bí yẹ̀rì. Àkísà tútù ló ń fi nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún èéfín àti igi tútù, èérún pákó sì bo ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọlé kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ ọ́ fún mi báyìí, kí n kọ ọ́. Bírò mi nìyí."

"Báyìí kẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé omi ni, tí mo máa kàn bù fún ọ?" Síbẹ̀ ó gbé àkísà sílẹ̀, ó di ojú, ó gbìyànjú. "Obìnrin kan wà tí ojú rẹ̀ kò ríran. Ọwọ́ ni obìnrin náà fi ń..." Ó la ojú, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣófo. "Kò gbà. Ṣé o rí i? Òòlù ló mọ ìyókù. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá rìn, tí òòlù ò dún, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀la, bí o bá ti ilé ìwé dé, wá tààrà. Mo máa dúró dè ọ́ kí n tó ṣáná."

"Ó da, Bàbá Àgbà."

"Má pẹ́ o. Bí pákó bá ti mu omi tán, kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Bàbá yìí ló sọ ọ́ ní Aláròyé, nítorí kí eyín rẹ̀ tó pé ló ti ń rojọ́. Bàbá náà ní ìnagijẹ tirẹ̀. Bàbá Kànkàn ni àdúgbò ń pè é, nítorí ìró òòlù tó ń ti ìsọ̀ rẹ̀ jáde láti ọdún pípẹ́. Àgbá onípákó ló ń kàn, irú èyí tí kò ní ìṣó kankan nínú, tí kò ní àtè, tó jẹ́ pé òrùka irin àti ọgbọ́n nìkan ló so ó ró. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ pè é ní àgbá lójú Bàbá. "Dùǹgbá ni," ni yóò sọ. "Àgbá ni ti àwọn tó ń rà á. Àwa tí à ń kàn án, dùǹgbá la mọ̀." Bàbá tó bí i ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn, bàbá tó bí ìyẹn ló sì kọ́ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ìtàn náà sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tí àjèjì kì í mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ pákó gbọ́dọ̀ dáná sí àárín rẹ̀ kó lè rọ̀. Bí iná náà kò bá pẹ́ tó, pákó yóò sán nígbà tí a bá ń fi òrùka fún un pọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, pákó yóò jóná. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n? Kò sí aago nínú ìsọ̀ Bàbá Kànkàn, kò sí rí láti ayébáyé. Bí wọ́n bá ti ṣáná, wọn á bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí dùǹgbá ṣe di dùǹgbá. Wọn á máa yí pákó náà ká, òòlù á máa dún, gbolóhùn kan á máa tẹ̀lé ìró kan. Ibi tí ìtàn bá parí sí, ibẹ̀ náà ni pákó rọ̀ dé. Wọn á wá ti òrùka sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì pa ẹnu dé wọ́ọ́rọ́. Ní gbogbo ọdún tí Bàbá fi ṣe iṣẹ́ yìí, pákó kan ṣoṣo kò sán mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Àwọn méjì tí wọ́n bá Bàbá kọ́ṣẹ́ pọ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, ìyẹn bàbá Aláròyé, ọkọ̀ ló fẹ́ràn, kò fẹ́ràn igi. Ọkọ̀ náà ló sì bá lọ tí kò padà bọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ayé yìí, ẹnu kan ṣoṣo ló kù tí ìtàn dùǹgbá wà. Aláròyé ti wà nínú ìsọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ láìmọye ìgbà, nígbà tó wà ní kékeré. Àmọ́ kí obìnrin afọ́jú náà tó ṣe ohunkóhun ni ooru iná yóò ti kùn ún lóorun. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Iṣẹ́ ilé ìwé ló wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di dandan. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní èdè ti ní kí olúkúlùkù ọmọ kíláàsì àṣekágbá lọ wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó ń kú lọ, kí wọ́n gba ìtumọ̀ àti orísun rẹ̀ lẹ́nu àgbà, kí wọ́n kọ ọ́ wá. Máàkì rẹ̀ wà lára ti ìdánwò àṣejáde. Ẹni tó bá sì ta yọ jù lọ, ọ̀fẹ́ ni yóò ka ilé ìwé gíga. Nígbà tí Aláròyé gbọ́ "ọ̀fẹ́" yẹn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló rántí. Aṣọ ibùsùn ni ìyá rẹ̀ ń fọ̀ ní ilé ìwòsàn, oògùn ìfọṣọ sì ti bó awọ ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò lè di ọwọ́ pọ̀ dáadáa mọ́.

"Ìwọ ni o máa gbà á," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Ta ni ó tún ní bàbá àgbà bíi tìrẹ? Ìwọ ṣáà ti lọ jókòó tì í. Lọ nísinsìnyí o, tí orí rẹ̀ ṣì pé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lánàá, ó gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ìkòkò fi pọ́n. Orúkọ bàbá rẹ ló sì fi pè mí láàárọ̀ yìí."

Ní ọjọ́ kejì, bí agogo ìkẹyìn ṣe lù, Aláròyé gbé àpò kọ́ èjìká, ọ̀dọ̀ Bàbá ló ń lọ. Ó fẹ́ lọ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sisí Fáàrí di apá rẹ̀ mú lẹ́nu géètì.

"Níbo lò ń lọ? Tẹlifíṣọ̀n tuntun ti dé ilé wa o! Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Gbogbo yín lẹ ń bọ̀, fíìmù yẹn ti fẹ́ parí, òní la máa wo apá ìkẹyìn rẹ̀."

"Bàbá mi àgbà ń dúró dè mí. Iṣẹ́ Tíṣà."

"Ọ̀rọ̀ àgbá yẹn náà?" Sisí Fáàrí pòṣé. "O máa lọ jókòó ti iná, kí o máa làágùn, nítorí ìtàn? Kọ tìrẹ! O ò lẹ́nu ni? Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Aláròyé!"

"Bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa mọ̀? Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n láyé, kò mọ̀wé kà."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Aláròyé náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá wọn lọ. Bí ó ṣe rí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Kò sí ẹni tó fi okùn fà á.

Ilé Sisí Fáàrí kò ju òpópónà méjì lọ sí ìsọ̀ Bàbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni Aláròyé gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Kàn. Kàn. Kàn. Bàbá ti dúró, dúró, ó sì ti rí i pé pákó kò lè dúró mọ́. Aláròyé mọ̀ pé obìnrin afọ́jú ti wọ inú ìtàn. Ó gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí àga, ó tún jókòó. Ìró òòlù náà ń bá a lọ lábẹ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n, ó lọ títí, ó pẹ́ ju bó ṣe rántí lọ. Nígbà tó yá, ó yára, ó sì dákẹ́. Ìtàn ti parí. Ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nìyẹn, iná àti pákó nìkan ló sì gbọ́.

Orí itan rẹ̀, nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà, ni Aláròyé ti kọ tirẹ̀. Ọba kan wà, ọ̀tá ń lé e. Ó sá wọ inú àgbá. Ọ̀tá dé, wọ́n ta àgbá nípàá, ó dún "dùǹ!" Ọba gbàgbé ara rẹ̀, ó dáhùn láti inú pé "gbá!" Ẹ̀rù ba àwọn ọ̀tá, wọ́n ní igi ń sọ̀rọ̀, wọ́n sá lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe àgbá ní dùǹgbá. Kó tó parí rẹ̀, Sisí Fáàrí ti ń yí gbirigbiri nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó dùn, kí á má parọ́. Ó kúrú, ó sì dùn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Láti ẹnu bàbá mi àgbà."

Nígbà tó délé, Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, eérú wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mo retí rẹ," ni gbogbo ohun tó sọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá Àgbà. Wọ́n dá wa dúró ní ilé ìwé."

"Kò burú. Bí ẹlòmíràn bá wá ra dùǹgbá, a ó tún dáná òmíràn."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni èsì jáde. Tíṣà Èdè sáré wọ kíláàsì, ìwé lọ́wọ́, omi lójú. Ìtàn dùǹgbá ló gba ipò kìíní nínú gbogbo ilé ìwé tó kópa! Wọ́n ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí àwọn ọmọ kéékèèké yóò máa kà, rédíò sì ń bọ̀ wá gba ohùn Bàbá Kànkàn sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sókè, wọ́n ń kígbe "Dùǹ! Gbá!" Inú Aláròyé dùn, ẹ̀rù rédíò tó ń bọ̀ náà sì ń bà á. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ibi ìfọṣọ, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó bó náà bo ojú, ó ń sunkún ayọ̀. Ta ló fẹ́ sọ òtítọ́ lójú ẹkún bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ tí àwọn ará rédíò dé ìsọ̀, Bàbá ti wọ aṣọ tó mọ́. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Oníròyìn náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ó tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, ó ní kí òun kọ́kọ́ ka ohun tí ọmọ kọ, kí Bàbá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó kà á. Bàbá tẹ́tí, ó yí orí síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọba wo?" ni Bàbá bi í.

"Ọba inú àgbá, Bàbá."

"Kò sí ọba níbẹ̀." Bàbá yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. "Aláròyé, ta ló sọ èyí fún ọ?"

Tíṣà Èdè ń wo Aláròyé, oníròyìn ń wo Aláròyé, ìyá rẹ̀ tó tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń wò ó. Ẹ̀rọ náà ń tan pupa. Ìyẹn ni ìgbà tí ó ṣì lè sọ ọ́. Ìtìjú nìkan ni ì bá jẹ́, ìtìjú a sì máa lọ.

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá Àgbà," ló sọ. "Ẹ ti gbàgbé ni. Ọjọ́ tí ẹ dáná yẹn, ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ ti ń gbàgbé nǹkan."

Bàbá kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ ti ẹlòmíràn, ó wo bàtà rẹ̀ tí kò bára mu, ó sì rí i lásìkò yẹn pé wọn kò bára mu. Ìyá Aláròyé gbé ojú kúrò. Oníròyìn fi ohùn àánú sọ pé, "Ọjọ́ ogbó ni, Bàbá. Gbogbo wa là ń lọ síbẹ̀."

"Ó dára," ni Bàbá sọ nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Bí ọmọ mi bá ní mo sọ ọ́, a jẹ́ pé mo sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà fún mi, kí n gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Wọ́n kà á nígbà mẹ́ta. Ní ìgbà kẹrin, ẹnu Bàbá ló ti jáde, wọ́n sì gbà á sílẹ̀.

Yorùbá ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò á dúró lẹ́nu ìsọ̀, wọn á ní, "Bàbá Kànkàn, dùǹ!" Bàbá á dáhùn pé, "Gbá!" wọn á sì tú ká pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí ìwé náà jáde, Bàbá gbé e lọ bá ìyá Aláròyé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kó máa ka ojú ewé yẹn sí òun létí. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. "Kí n má baà tún gbàgbé," ni yóò sọ. "Mo ti dójú ti ọmọ níwájú àlejò lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́." Aláròyé á gbọ́ ọ láti inú yàrá, á fi ìrọ̀rí bo etí.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe ọtí kíkan, ọ̀dọ̀ Bàbá ló ti ń ra àgbá láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n. Lẹ́yìn òjò ọdún náà, ó wá ní kí Bàbá kan méjì fún òun. Inú Bàbá dùn, ó to pákó, ó rin wọ́n lómi. "Aláròyé, ṣé o máa wá lọ́tẹ̀ yìí?" ló bi í. Aláròyé wá. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé wà ní itan rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé, bí iná bá ti gbóná, bí òòlù bá ti dún, ìtàn gidi yóò jí.

Bàbá ṣáná. Ó gbé òòlù. Kàn. "Ọba kan wà," ni Bàbá sọ. Kàn. "Ọ̀tá ń lé e."

Bírò Aláròyé kò kan ìwé. Bàbá yí pákó náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ọba sì ti jáde nínú àgbá, ìtàn ti parí. Bàbá dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara igi náà, ojú rẹ̀ pọ́n fún ìrònú bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ kò wọlé. Ṣùgbọ́n ìtàn ti parí, bí ìtàn bá sì ti parí, òrùka ló kàn. Ó ti òrùka sọ̀kalẹ̀, ó lù ú.

Pákó sán. Ọ̀kan kọ́kọ́ dún, méjì tẹ̀lé e, èyí tó kù sì tú ká sínú iná.

"Pákó yìí ò dára," ni Bàbá sọ. "Wọ́n ti ta igi burúkú fún mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra igi míràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ìtàn ọba náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, nítorí ara rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan kúrú níbì kan. Kò ṣáà mọ ibi tó wà. Ó tún sán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sọ ọ́ títí tó fi ṣì í kà, igi náà sì gbiná mọ́ ọn lójú. Ìyá Aláròyé ló sáré da omi sí i. Oníṣẹ́ ọtí kíkan dúró síbẹ̀, ó ń wo èéfín. "Bàbá, ẹ sinmi," ló sọ. "Ẹ ti gbìyànjú." Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn dúrọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń yí kọjá lẹ́nu ìsọ̀. Bàbá gbé òòlù sórí pẹpẹ, kò sì gbé e mọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Aláròyé kò lè jẹun, kò lè sùn. Nígbà tí kò rí i gbé mọ́, ó lọ bá Tíṣà Èdè ní yàrá àwọn olùkọ́, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: fíìmù, Sisí Fáàrí, ọba, àti ọ̀rọ̀ tó sọ lójú ẹ̀rọ pupa yẹn. Tíṣà gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"O sọ fún àgbàlagbà pé orí rẹ̀ ò pé," ló sọ, "kí tìrẹ lè pé?"

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹ̀bùn ilé ìwé ọ̀fẹ́ yẹn, mo máa kọ̀wé kí wọ́n gbà á padà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni kí o ti lọ sọ ìyẹn fúnra rẹ. Ìwé náà, wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀. Mú òtítọ́ wá fún mi, kí n fi rọ́pò irọ́ rẹ. Òtítọ́ nìkan ló lè rọ́pò rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó wọ yàrá Bàbá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá Àgbà, irọ́ ni mo pa. Ẹ ò sọ ìtàn ọba fún mi rí. Orí yín pé lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo parọ́ mọ́ yín."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Má sunkún. Ta ló ní ọmọ mi purọ́? Mo sọ ọ́ fún ọ. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. O jókòó sórí èérún pákó, ò ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́."

"Mi ò sí níbẹ̀, Bàbá Àgbà! Mi ò wá!"

"O wá," ni Bàbá sọ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. "Mo dúró dè ọ́, o sì wá."

Aláròyé fà á lọ́wọ́ dìde. Ó mú un wọ ìsọ̀, ó gbé òòlù sí i lọ́wọ́, ó mú un yí àgbá àtijọ́ kan tó wà ní igun ká, ó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná kò sí, ṣùgbọ́n òòlù wà, ẹsẹ̀ wà. "Obìnrin kan wà," ni Aláròyé bẹ̀rẹ̀. "Obìnrin kan wà tí ojú rẹ̀ kò ríran. Ọwọ́ ni obìnrin náà fi ń... Ẹ lù ú, Bàbá. Ọwọ́ ló fi ń kí ni?"

Kàn. Òòlù dún lẹ́ẹ̀kan. Ètè Bàbá mì. Nǹkan kan kọjá lójú rẹ̀, Aláròyé rí i. Kàn.

"Ọwọ́ ló fi..." ni Bàbá sọ. Ó dúró. Ó wo òòlù, ó wo igi náà, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún, ó sì fẹ́ fi nǹkan kan ṣìpẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ bí ti ẹni tó rí ohun tó ń wá.

"Ọba kan wà," ló sọ. "Ọ̀tá ń lé e."

Tíṣà Èdè dúró de òtítọ́ náà títí ìwé fi wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí kò rí i, ó fa ojú ewé náà ya. Nínú ìwé tuntun, kò sí ọba, kò sí obìnrin afọ́jú, kò sí dùǹgbá pẹ̀lú. Wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà. Ìyá Aláròyé ń bá iṣẹ́ ìfọṣọ rẹ̀ lọ, kò bú ọmọ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, bí òtítọ́ bá ṣì ní ẹsẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ló gbé òtítọ́ yẹn dání, ẹni tó fẹ́ràn jù láyé ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí àgbà bá ní kí ẹ wá jókòó, ẹ lọ jókòó. Bí ẹ bá sì ti purọ́, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ pé ìtìjú nìkan ni yóò ná yín. Ẹ má fi ọgbọ́n orí àgbà bo irọ́ yín mọ́lẹ̀ láé, nítorí ẹ lè wá a lọ́la kí ẹ má rí i mọ́.

Ní ọ̀sán gbogbo, bí ó bá ti ilé ìwé dé, Aláròyé kì í yà síbìkan. Ìsọ̀ ló ń lọ tààrà. Yóò jókòó sórí èérún pákó, Bàbá yóò sọ ìtàn ọba fún un, òun náà yóò sì gbọ́ ọ tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ṣé o ń kọ ọ́ sílẹ̀?" ni Bàbá máa ń bi í.

"Mò ń kọ ọ́, Bàbá Àgbà."

"Kọ ọ́ dáadáa o. Bí mo bá kú, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n."